Onídìrí àti Àbẹ́là Ojú Fèrèsé

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ìwé kíkà ò bá iṣẹ́ ọwọ́ lọ, ẹ ní kó wá bi Ọlọ́wọ́-Òwú. Onídìrí ni. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn torí pé ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ lórí ẹni. Ẹni tí orí rẹ̀ kì í gba òòyà, tó máa ń pariwo "yéè" lọ́dọ̀ onídìrí mìíràn, oorun ló máa ń sùn lọ́dọ̀ tirẹ̀. Yàrá iwájú ilé tó kọjú sí títì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Jígí ńlá kan wà níbẹ̀, àti bẹ́ǹṣì fún àwọn tó ń dúró kó kàn wọ́n, àti àpótí kékeré tí ẹni tó ń dirun máa ń jókòó lé kí orí rẹ̀ lè wà láàárín orúnkún onídìrí.

Obìnrin yìí fẹ́ di tíṣà. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ láti kékeré nìyẹn, ó sì ti lé ní ogójì ọdún báyìí. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti sọ pé àwọn máa gbà á, tó bá ṣáà ti lè yege nínú lítíréṣọ̀. Gbogbo ìdánwò yòókù ló ti yege. Lítíréṣọ̀ nìkan ló há a lọ́fun. Ó ti fìdí rẹmi nínú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ilé ẹ̀kọ́ náà sì ti sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀ pé lọ́tẹ̀ yìí, bí kò bá tún yege, ẹlòmíràn làwọn máa fi àyè rẹ̀ fún.

Ẹ má wulẹ̀ bi mí pé kí ló dé tí kò fi tètè kàwé. Ó ń kàwé o, ó sì mọ̀wé. Ìgbà tí bàbá rẹ̀ kú ni ìyá rẹ̀, tó jẹ́ alágbàfọ̀, mú un kúrò nílé ìwé. "Ọdún kan péré ni," ohun tí Màmá sọ nìyẹn. "Lọ kọ́ṣẹ́ irun, kó o fi ràn mí lọ́wọ́ lórí àwọn àbúrò rẹ. Ọdún tó ń bọ̀, wàá padà." Ọdún tó ń bọ̀ wọlé dé, ó tún kọjá, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ ìpadà. Látìgbà náà, Màmá kì í pẹ́ kó tó wá dirun lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Wọ́n á sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n á sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá, wọ́n á rẹ́rìn-ín àwọn aládùúgbò. Ọ̀rọ̀ ilé ìwé yẹn, wọn ò fẹnu bà á rí.

Ìwé tí wọ́n yàn fún ìdánwò yìí, ìwé òyìnbó ni, kò nípọn rárá, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ le koko. Wọ́n kọ ọ́ láyé ọbabìnrin wọn àtijọ́ tó pẹ́ lórí oyè, nígbà tí àwọn ọkùnrin ń dé fìlà gíga gàgàrà, tí gbólóhùn kan ṣoṣo sì lè bẹ̀rẹ̀ lókè ojú ìwé kó má tíì parí nígbà tó o bá ṣí èyí tó tẹ̀ lé e. Mi ò mọ ohun tó ń lé wọn tí wọn kì í fi í sinmi. Kí ẹ lè máa bá mi lọ, ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí. Alábẹ́là kan, tó ń ṣe àbẹ́là tà, wà ní ìlú olótùútù kan létí òkun, ó bí ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Òun àti ọmọkùnrin yìí jà, ó sì lé e jáde, pé kò gbọ́dọ̀ fojú ba ilé òun mọ́ níwọ̀n ìgbà tóun bá wà láàyè. Ọmọkùnrin wọkọ̀ ojú omi lọ. Nígbà tí ikú wá ń kanlẹ̀kùn, àánú ọmọ ṣe bàbá, ló bá mú kí ọmọbìnrin rẹ̀ ṣèlérí pé lálaalẹ́ lòun á máa tan àbẹ́là sójú fèrèsé òkè, títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á fi wálé. Ọmọbìnrin ṣèlérí. Tíṣà kan fẹ́ fẹ́ ẹ, ó fẹ́ mú un lọ sí ìlú ńlá tí ọmọbìnrin náà á ti lè kàwé. Ó ní rárá, òun ò lè fi àbẹ́là sílẹ̀. Báyìí ni ọdún ń gorí ọdún, tí irun rẹ̀ ń funfun.

Lọ́dún tó kọjá, orí bẹ́ẹ̀dì ni Ọlọ́wọ́-Òwú ti ń ka ìwé yìí lẹ́yìn iṣẹ́, oorun sì ni olùkọ́ tó ń pàdé níbẹ̀. Lọ́dún yìí, ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ kápẹ́ńtà kan igi kékeré kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ jígí, pé kó máa gbé ìwé lé e, kó máa kà á bó ṣe ń dirun. Ọkùnrin náà ṣe dáadáa, inú ìyàwó rẹ̀ sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n orí oníbàárà kan tí wọ́n ń pè ní Agbẹjọ́rò ló ti kọ́kọ́ dán an wò. Obìnrin yìí fẹ́ lọ rojọ́ nílé ẹjọ́ lọ́jọ́ kejì, ó fẹ́ kí ìlà irun òun gún régé. Ọlọ́wọ́-Òwú fi ojú kan sórí ìwé, ó fi ojú kan sórí irun. Nígbà tí Agbẹjọ́rò wo jígí, ó lanu, kò lè pa á dé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé irun lẹ dì fún mi ni àbí odò?"

"Ẹ má bínú, ẹ má bínú! Màá tú u."

"Ẹ tú u, kẹ́ ẹ sì pa ìwé yẹn dé. Kí ló tiẹ̀ wà nínú rẹ̀? Ẹ kúkú máa sọ ọ́ fún mi, ó ṣe tán mo ti di ará ilé yín lónìí."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọlọ́wọ́-Òwú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí alábẹ́là ṣe bá ọmọ rẹ̀ jà, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ẹnu rẹ̀ ń lọ, ìlà irun sì gún bí èyí tí wọ́n fi rúlà fà. Agbẹjọ́rò gbèjà ọmọ, ó ta ko bàbá, ó tún gbèjà bàbá. Kó tó dìde, ìpín kìíní ti wọ onídìrí lára. Láti ọjọ́ yẹn lọ, Ọlọ́wọ́-Òwú á ka ìpín kan láàárọ̀ kó tó ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, á sì sọ ọ́ lórí ẹni tó bá kọ́kọ́ jókòó.

Orí Aránṣọ ni bàbá ti kú. Orí Aránṣọ yìí ò gba nǹkan kan, ọwọ́ rírọ̀ kọ́, ọwọ́ líle kọ́. Ibi tí bàbá ti ń gba ìlérí lẹ́nu ọmọ gan-an ni òòyà ti há, omi bọ́ lójú Aránṣọ, gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, pé kó mọ́kàn, pé ìtàn lásán ni. "Ìtàn kọ́!" ni Aránṣọ fi dá wọn lóhùn. "Òòyà ni!" Ẹ̀rín pa wọ́n débi pé ẹnì kan já bọ́ lórí bẹ́ǹṣì.

Orí Nọ́ọ̀sì ni tíṣà ti dẹnu ìfẹ́ kọ ọmọ alábẹ́là. Ẹnu iṣẹ́ ni Nọ́ọ̀sì ti ń bọ̀, ó ti sùn fọnfọn, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ṣe kan ìgbéyàwó báyìí, ó lajú ẹyọ kan. "Ṣé ó gbà?" "Kò gbà." "Òpè!" ni Nọ́ọ̀sì wí, ó sì padà sídìí oorun rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Àwọn kan ní ìlérí ni ìlérí, àwọn kan ní wọ́n ti fi ayé ọmọ ọlọ́mọ ṣòfò. Kódà, ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe lódìkejì títì á fi iṣẹ́ sílẹ̀, á yọjú lẹ́nu ọ̀nà: "Ọmọ alábẹ́là yẹn, ṣé ó ti gbọ́ ti tíṣà báyìí?" Inú Ọlọ́wọ́-Òwú máa ń dùn dé ẹ̀yìn. Kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń fi ọ̀yàyà kàwé báyìí rí láyé rẹ̀.

Ìpín tó kẹ́yìn bọ́ sí ọjọ́ tí Màmá wá. Irun Màmá ò pọ̀ mọ́, ó ti fẹ́lẹ́, kì í gba àkókò. Ọlọ́wọ́-Òwú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún un bó ṣe ń dì í. Ọmọ alábẹ́là ṣàìsàn, kò lè dìde tan iná lálẹ́ ọjọ́ kan. Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kanlẹ̀kùn.

"Màmá, ṣé ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ ọkùnrin yẹn ti ń gba etíkun yẹn kọjá látọjọ́ pípẹ́? Nígbàkúùgbà tó bá ti ń kọjá ló ń rí iná lójú fèrèsé. Bàbá rẹ̀ nìkan ló sì mọ̀ tó máa ń tan àbẹ́là níbẹ̀. Ó rò pé bàbá ṣì wà láyé ni, pé inú ṣì ń bí i. Iná tó yẹ kó pè é wálé, òun ló ń lé e padà."

 Irun ti parí, ìtàn ò tíì parí. Ọlọ́wọ́-Òwú bá tú ìlà kan, ó tún un bẹ̀rẹ̀ kó lè rí àyè sọ ìyókù. Ìgbà náà ni Màmá sọ̀rọ̀, kò gbójú sókè.

"Bàbá yẹn ò ṣe dáadáa."

"Ẹn, Màmá?"

"Ó yẹ kó dá ọjọ́ fún un. Kó ní, tó bá di ìgbà báyìí tí kò bá dé, pa iná yẹn, máa bá tìrẹ lọ." Màmá ń fọwọ́ pa ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. "Èmi dá ọjọ́ fún ìwọ. Ọdún kan ni mo sọ. Ọjọ́ pé, mo mọ̀ pé ọjọ́ pé, mo sì gbẹ́nu dákẹ́. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé tó o bá padà sílé ìwé, gbogbo wa la máa ṣubú."

Ọwọ́ Ọlọ́wọ́-Òwú dúró lórí irun. Ohun tí ọmọ máa ń sọ fágbà ni pé kò sí nǹkan kan, Màmá, ó ti lọ. Ó fẹ́ sọ ọ́, kò jáde lẹ́nu rẹ̀. Kì í ṣe pé inú ń bí i. Ọ̀rọ̀ náà tóbi ju ẹnu rẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà ni. Ó rọra so ìdí ìlà yẹn, Màmá wé gèlè, ó ní ó dàárọ̀, ó sì lọ. Bí ìyókù ìtàn ò ṣe di sísọ nìyẹn, ìdánwò sì ti dé tán.

Ní ọjọ́ ìdánwò, Ọlọ́wọ́-Òwú jókòó sáàárín àwọn ọmọ tó lè bí. Wọ́n pín ìbéèrè. Ó kà á. Ó tún un kà. Ẹ gbà mí, orí rẹ̀ ṣófo! Alábẹ́là ò sí níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ ò sí níbẹ̀, àfi bí ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ẹrù kúrò nínú rẹ̀.  Ohun tó ṣe é lọ́dún tó kọjá ló tún ń ṣe é yìí, ó sì mọ̀ pé kò sí ọdún tó ń bọ̀ mọ́. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí tábìlì. Kò sí nǹkan kan nínú wọn. Ibẹ̀ ló ti yé e. Kò tíì sọ ìwé yìí rí láìsí irun lọ́wọ́. Ó ti fi gbogbo ara rẹ̀ kọ́ ìwé tán, orí nìkan ló wá gbé wá sí ìdánwò.

Ìborùn kan wà léjìká rẹ̀, tí fọ́nrán òwú rọ̀ wálẹ̀ létí ìborùn náà. Ó fà á sórí ẹsẹ̀, ó pín fọ́nrán sí mẹ́ta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Ìdì náà ò tíì gùn tó ìka kan tó fi gbọ́ ohùn Agbẹjọ́rò: "Bàbá jẹ̀bi! Rárá o, bàbá jàre díẹ̀." Ìpín kìíní ti dé. Ó sáré mú bírò, ó kọ ọ́. Ó dì í síwájú, Aránṣọ ké "yéè", bàbá kú, ìlérí dé. Ó kọ ọ́. Nọ́ọ̀sì lajú ẹyọ kan. Ó fẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín sókè.

"Ìyá, kí lẹ ní lábẹ́ tábìlì?"

Olùṣọ́ ìdánwò ló dúró tì í, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ awò ojú. Gbogbo àwọn ọmọ yíjú wò wọ́n.

"Ìborùn mi ni, sà."

"Ẹ gbé e wá." Ó gbà á, ó gbọ̀n ọ́n, ó wò ó níwájú, ó wò ó lẹ́yìn, ó tún gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Ìwé kankan ò jábọ́. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí etí ìborùn, tí wọ́n ti dì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ dé ìdajì. "Kí lèyí?"

"Irun ni mo ń dì, sà. Onídìrí ni mí. Tí mi ò bá dì í, mi ò lè rántí."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Ọlọ́wọ́-Òwú, ilẹ̀ ì bá lanu kó gbé e mì. Ọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó fọwọ́ kan ìdì náà bí ẹni ń wo iṣẹ́ tó dára, ó tẹ́ ìborùn sórí tábìlì. "Ẹ máa dì í lọ. Ṣùgbọ́n ibí ni kẹ́ ẹ ti dì í, kí gbogbo wa máa rí i." Ó yíjú sí àwọn tó kù. "Ẹ̀yin, ṣé ẹ̀yin ti parí tiyín ni?"

Bó ṣe ń dì í lọ lójú gbogbo ayé nìyẹn, tó ń dì, tó ń kọ, títí ó fi dé ìbéèrè tó kẹ́yìn. Ìbéèrè náà ni pé: ta ló jẹ̀bi gbogbo ọdún tí ọmọ alábẹ́là fi ṣòfò? Kí wọ́n fi ẹ̀rí inú ìwé gbe ọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀.

Igun ìborùn ló kù, fọ́nrán ibẹ̀ ò pọ̀, ó ti gbó, ó fẹ́lẹ́. Bó ṣe kó o sọ́wọ́, ó mọ orí ẹni tó jẹ́. Ó ń dì í jẹ́jẹ́. Ẹ̀gbọ́n kanlẹ̀kùn. Iná tó ń pè é ló ń lé e. Bàbá yẹn ò ṣe dáadáa. Ọwọ́ rẹ̀ dúró, níbi tó dúró sí lọ́jọ́sí gan-an. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, omi lé ròrò sí i lójú. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ síwájú, ó dì í dé ìdí, ìyókù ìtàn tí kò tíì sọ lórí ẹnikẹ́ni sì jáde wá. Ó mú bírò, kò sì gbé e sílẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi ní kí wọ́n dáwọ́ dúró.

Nígbà tó délé, Màmá ti wà lórí bẹ́ǹṣì ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti tú irun rẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Ẹ kú ilé, Màmá."

"Káàbọ̀. Ṣé wọ́n bi yín nípa bàbá yẹn?"

"Wọ́n bi wá."

"O sì sọ pé ó jẹ̀bi."

"Mo sọ pé ó jẹ̀bi, Màmá."

Màmá mi orí. "Òótọ́ lo sọ," ni ó wí, ó sì ń wá gèlè rẹ̀ kó lè máa lọ.

"Níbo lẹ ń lọ? Ìtàn ò parí lọ́jọ́ yẹn. Ẹ wá jókòó." Màmá jókòó sórí àpótí. Ọlọ́wọ́-Òwú kó irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn sọ́wọ́. "Nígbà tí ara ọmọ náà yá, ó fi ilé sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó palẹ̀ ẹrù mọ́, ó ń lọ sí ìlú ńlá lọ kàwé, pẹ̀lú ewú lórí. Báàgì kékeré kan ló gbé. Ohun tó kọ́kọ́ kó sínú rẹ̀ ni ọ̀pá àbẹ́là bàbá rẹ̀."

"Kí ló fẹ́ fi ṣe?"

"Ó fẹ́ fi kàwé lálẹ́. Ohun tí mo kọ nìyẹn. Mo ní bàbá jẹ̀bi, ẹ̀rù ló bà á, ẹni tẹ́rù ń bà kì í rántí ka ọdún ẹlòmíràn. Mo ní ọmọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹni tó bá ṣì ń bínú ò ní í gbé ọ̀pá àbẹ́là yẹn dání."

 Màmá gbé orí lé orúnkún ọmọ rẹ̀, ó sinmi lé e, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Ọlọ́wọ́-Òwú jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn. Kò yára dì í, ó tú ìlà mìíràn, ó tún un dì.

Èsì dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ṣọ́ọ̀bù kún. Orí Agbẹjọ́rò ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, apá kan ti di, apá kejì dúró wúú. Fóònù dún, ó wò ó, ó pariwo. Ó ti yege! Aránṣọ fò dìde, Nọ́ọ̀sì jí, alátùn-únṣe bàtà sá wọlé pẹ̀lú bàtà oníbàtà lọ́wọ́, wọ́n ń dì mọ́ra wọn. Agbẹjọ́rò ń jó níwájú jígí, ó tún rántí ara rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó di tíṣà, ta ni yóò parí ìdajì orí mi?"

Láàárín ariwo yìí ni Màmá ń ti ẹnu ọ̀nà wọlé bọ̀, ó ń fẹsẹ̀ tó ń dùn ún rìn díẹ̀díẹ̀. Gbogbo wọn ló ń sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan náà pé ọmọ rẹ̀ yege, pé tíṣà ló bí.  Ó gba àárín wọn kọjá, ó lọ bá ọmọ rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Èyí tó o kọ nípa bàbá yẹn," ló bi í, "ṣé wọ́n fara mọ́ ọn?"

"Wọ́n fara mọ́ ọn, Màmá."